Ilẹ̀kùn Agboolé Ojú Ọ̀run

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Gbólágadé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?"

Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ohùn mi ni, abẹ́ àgbọ̀n mi ló sì ti jáde, àmọ́ èmi kọ́. Akíni tó wà lọ́rùn mi ló rí ọkùnrin náà tó ń wọlé, ó sì ti kí i tán kí n tó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

Akíni tirẹ̀ dáhùn kíá: "A dúpẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tàyọ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́?"

Gbólágadé fúnra rẹ̀ dijú. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń béèrè àlàáfíà ara wọn, ńṣe ló dijú bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Èmi ń wo ògiri. Láti ìgbà tí irun wa ti dúdú ni mo ti yan ọkùnrin yìí lódì, òun náà sì yàn mí. Mi ò kí i, kò kí mi. Nígbà tí Òfin Àlàáfíà dé, tí wọ́n so akíni mọ́ gbogbo ọrùn tó wà nílùú Àgọ́-Àpáta, wọ́n ní odì ti parí. Odì kò parí. Ẹ̀rọ ló ń kí ẹ̀rọ. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan.

"Inú mi dùn pé ẹ̀yin àgbà méjèèjì rẹ́," ni Morẹ́nikẹ́ wí. Òun ni ọmọbìnrin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ nínú ikùn àpáta, níbi tí wọ́n ń tọ́jú gbogbo àwòrán àtijọ́ sí nítorí pé ibẹ̀ tutù. "Bàbá Ọdẹ́tàyọ̀, ẹ wá jókòó sórí àga yìí. Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ó kàn máa ń mọ̀ bí ènìyàn bá parọ́ ni."

"Bí ó bá mọ̀ ńkọ́?"

"Á pariwo."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n pa."

Mo jókòó. Àga náà gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ewúrẹ́. Gbólágadé jókòó sórí ìjókòó lásán lẹ́yìn mi, nítorí pé òfin ní ẹni tó ṣe ìtàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ rẹ̀, kó máa gbọ́.

"Ṣé ẹ fojú ara yín rí ìtàn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Agboolé Ojú Ọ̀run nígbà tó kọ́kọ́ jáde?"

"Mo rí i." Àga dákẹ́.

"Ṣé ọwọ́ yín wà nínú ṣíṣe rẹ̀?"

Mo rò ó dáadáa. Èmi ni káfíńtà wọn. Èmi ni mo rẹ́ pákó, tí mo kan ògiri, tí mo gbẹ́ kànga àárín agboolé. Ṣùgbọ́n ní òpin ìtàn, nígbà tí orúkọ bá ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á kọ orúkọ dírẹ́bà, wọ́n á kọ ti ẹni tó se oúnjẹ, wọ́n tilẹ̀ kọ ti ẹni tó ni ewúrẹ́. Wọn ò kọ tèmi. Ohun tí wọn ò bá fi orúkọ mi sí, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ mi sí i fún?

"Kò sí," ni mo wí. Àga dákẹ́, nítorí pé tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Mo gbọ́ tí ìjókòó dún lẹ́yìn mi. Gbólágadé mọ̀. Àmọ́ kò lè sọ ọ́. Òfin ní ẹni tó lọ́wọ́ nínú ìtàn kì í dájọ́ rẹ̀: bí ó bá wí pé káfíńtà òun nìyí, wọ́n á lé mi jáde, kò sì sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó rí ìtàn náà nígbà tó jáde. Ìtàn tí kò bá ní ẹlẹ́rìí tó lè dájọ́ rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń pa á rẹ́.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ máa dáhùn níkẹyìn," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Àwọn tó ṣe ìtàn yìí ní ohun tó ń bọ̀ làwọn ń sọ. Ṣé ó rí iwájú, àbí kò rí i? Bí ó bá rí i, á dúró, àwọn ọmọ iléèwé á máa wò ó. Bí kò bá rí i, a ó pa á rẹ́ kí fèrè tí wọ́n ń fọn fún oòrùn ọ̀sán tó dún lónìí. Àpáta ti kún, Bàbá. A ò rí ibi kó àkọsílẹ̀ òjò sí mọ́."

"Bí ẹ bá pa á rẹ́, ṣé gbogbo orúkọ inú rẹ̀ náà á lọ?"

"Pátápátá."

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo ti wẹ̀, mo ti lọ aṣọ, mo ti dé fìlà tí mi kì í dé fún ẹnikẹ́ni. Òní ni orúkọ náà máa kú.

Ìmọ́lẹ̀ ṣú. Ojú ọ̀run hàn lójú ògiri, agboolé kan sì ń fò lọ nínú rẹ̀, àti àjà, àti àgbàlá, àti kànga tó ń fa omi láti inú ìkùukùu. Ọ̀dá ló lé ìdílé kan kúrò lórí ilẹ̀, ni wọ́n bá gbé agboolé wọn fò. Tọmọdé tàgbà ló fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn. Mo wò ó, mo sì rí aṣọ dúdú tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n fi gílóòbù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìràwọ̀ kan mì, ó sì sín.

"Ọmọ mi," ni mo wí, "bá mi sọ fún bàbá tó wà lẹ́yìn mi yẹn pé ìràwọ̀ kì í sín."

Morẹ́nikẹ́ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Bàbá, ó ń gbọ́ yín. Ó wà níbí."

"Bá mi sọ fún un."

"Ẹ sọ fún un," ni Gbólágadé wí, ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó, "pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe ẹni tó di iná mú lẹ́yìn aṣọ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún un pé ó mọ ẹni náà dáadáa."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá?"

"Ìlú kékeré ni," ni mo wí. Àga kò sọ nǹkan kan.

Awakọ̀ wọn dé ajọ̀ ìsẹ́lùbọ́ sórí, wọ́n ní akoto ni. Wọ́n balẹ̀ sórí ìràwọ̀ kan, àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n kun ojú wọn ní ẹfun jáde wá, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wọ́n.

"Ẹ ò rí i?" ni mo wí. "Ènìyàn rìn láti ayé títí dé ìràwọ̀, ẹyọ ẹnì kan ò lè ní ẹ kú ìrìn? Ìtàn burúkú ni. Irú ìlú wo nìyẹn?"

"Bóyá wọn ò ní akíni," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

"Ẹnu ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ jáde. Mo ti gbàgbé ewúrẹ́ yẹn. Ó ń léfòó lókè àgbàlá, wọ́n so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìyá ilé sì ń fà á wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè fún un ní èèpo iṣu. Ewúrẹ́ ń jẹun, ó ń wo ilẹ̀ tí kò sí. Ìyá náà wí fún un pé, "Ìwọ nìkan ni o ò mọ̀ pé a ti kúrò nílé." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ mi bí ológbò.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ní ẹ ń gbádùn ìtàn náà."

"Mi ò gbádùn nǹkan kan."

Àga pariwo. Ó pariwo débi pé fìlà mi ṣubú, àpáta sì gbohùn rẹ̀ padà. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn kan tó jọ ikọ́, àmọ́ kì í ṣe ikọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà, tí mo ń wá fìlà nílẹ̀, tí Kọ̀jálẹ̀ fi wọlé.

Òun ni àkọ́bí nínú ìtàn náà. Èjìká òsì rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ bí ó bá ń rìn, bíi tèmi. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Mo ti wí tèmi," bíi tèmi. Ó fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé olùkọ́ ní kó tọrọ àforíjì, kò sì tọrọ rẹ̀. Tèmi náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún, Gbólágadé. Lálẹ́ ọjọ́ tí apá kìíní rẹ̀ jáde, ilé aládùúgbò ni a ti ń wò ó, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ojú sí mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè mí ní Ọdẹ́tàyọ̀ mọ́. Kọ̀jálẹ̀ ni ọmọdé ń pè mí lójú títì. Kọ̀jálẹ̀ ni àna mi pè mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ kejì ni mo gbé òòlù mi kalẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn, mo lọ sílé, mi ò sì tún wo ìtàn náà mọ́.

Nítorí náà, ohun tó kù lójú ògiri, tuntun ni sí mi.

Kọ̀jálẹ̀ àti Adìgún àbúrò rẹ̀ jà lórí ẹni tó yẹ kó máa darí agboolé. Wọ́n yan ara wọn lódì. Àgbàlá kan náà, ojú ọ̀run kan náà, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè lọ. Ìyá wọn ń gbé àwo oúnjẹ méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, obìnrin náà kò sì sọ̀rọ̀ rárá, bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ nìkan ni ó fi ń sunkún. Mo ní láti sọ òtítọ́, ó ṣe é dáadáa. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ìdílé náà kan páànù pọ̀ di ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Agbọ̀rọ̀sọ. Ẹ̀rọ náà á lọ bá Kọ̀jálẹ̀, á ní, "Àbúrò rẹ kí ọ." Á lọ bá Adìgún, á ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o ṣeun." Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rán an. Kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo agboolé ń fi ẹ̀rọ kí ara wọn. Ọkọ fi í kí aya. Ọmọ fi í kí ìyá.

Mo fọwọ́ kan ohun tó wà lọ́rùn mi. Ta ló sọ fún Gbólágadé? Ní ọjọ́ wo ló mọ̀?

Lópin ìtàn, Kọ̀jálẹ̀ jáde lọ tún òrùlé ṣe. Nígbà tó padà dé, ilẹ̀kùn ti tì. Adìgún wà nínú, ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà níta. Kọ̀jálẹ̀ kò kan ilẹ̀kùn. Adìgún kò ṣí i. Agbọ̀rọ̀sọ wá sí àárín, ó ní, "Ṣé kí n bá yín sọ ọ́?" Àwọn méjèèjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, wí lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Má sọ ọ́." Kámẹ́rà wá dúró sórí ilẹ̀kùn. Ó dúró síbẹ̀. Ó ṣì dúró síbẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ẹ̀rọ yín ti há," ni mo wí.

"Kò há, Bàbá. Ó ti parí."

"Ó parí báwo? Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i." Morẹ́nikẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lé ilẹ̀kùn yẹn lórí. Ẹnì kan ní ikú ni. Ẹlòmíràn ní ìjọba ni. Olùkọ́ mi ní Ọlọ́run ni."

"Dá a padà. Jẹ́ kí n rí ilẹ̀kùn yẹn. Mú un sún mọ́ mi."

Ó mú un sún mọ́ mi títí tí pákó fi kún ògiri. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí irin tó ń gbé ilẹ̀kùn wà. Kò sí irin. Àmì lẹ́ẹ̀dì mi ló wà níbẹ̀, níbi tí mo fẹ́ dè é mọ́. Ìṣó ni wọ́n fi mú un dúró, ìṣó tí èmi fúnra mi kàn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí irin tó dé. Ilẹ̀kùn yẹn kò lè ṣí. Bí Adìgún fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á, ògiri ló máa wó lù ú.

Ó wá yé mi, kò sì yé mi. Ọjọ́ tí mo gbé òòlù kalẹ̀, ilẹ̀kùn ṣì wà nínú ìṣó. Mo jókòó síwájú ilé mi, gbogbo ẹni tó bá yọ lójú ọ̀nà, mo rò pé Gbólágadé ló rán an sí mi. Nígbà tí kò sẹ́ni tó wá, mo ní ó ti pe káfíńtà mìíràn. Káfíńtà pọ̀ bí ewé nílùú nígbà náà. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé kámẹ́rà síwájú ilẹ̀kùn tí a kàn pa, ó sì ní ìtàn òun ti parí síbẹ̀. Gbogbo ayé sunkún. Wọ́n ní Ọlọ́run ni.

Ta ló wá ṣe òpin ìtàn yìí? Òun ni, àbí èmi? Ṣé ó fi bú mi ni? Ṣé àbùkù ló jẹ́ fún un tó fi ọgbọ́n bò mọ́lẹ̀? Mo yí orí padà, mo wò ó. Ó ń wò mí. Ó ti mọ ohun tí mo rí.

"Bàbá," ni Morẹ́nikẹ́ wí, "òfin ní kí adájọ́ sọ bí òpin ìtàn ṣe yé e kó tó dájọ́. Kí ló dé tí ilẹ̀kùn náà ò fi ṣí?"

Wàyí o. Bí mo bá ní ìtàn náà kò rí iwájú, àga á pariwo, nítorí pé ohun tí ìtàn náà rí ń bẹ lọ́rùn mi. Àmọ́ bí mo bá sọ òtítọ́, pé èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn, àga á dákẹ́, ìgbẹ́jọ́ á tú ká, ìtàn á parẹ́ kí fèrè tó dún. Kọ̀jálẹ̀ á parẹ́. Gbólágadé á kú láìní nǹkan kan lẹ́yìn. Mi ò ní parọ́, mi ò ní jẹ̀bi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí ọkùnrin yìí, kò sí ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ fún tó dára tó èyí.

Gbólágadé kò bẹ̀ mí. Mo retí rẹ̀. Mo fún un ní àyè. Ojú rẹ̀ ń wo ojú mi, ètè rẹ̀ pa mọ́ gírígírí.

"Fèrè ò ní pẹ́ dún, Bàbá."

"Àwọn méjèèjì ni kò fẹ́ kó ṣí," ni mo wí.

Àga dákẹ́.

"Ìyẹn náà dára," ni Morẹ́nikẹ́ wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Kò tíì sẹ́ni tó wí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ yín ńkọ́? Ṣé ó rí iwájú?"

"Ìràwọ̀ rẹ̀ burú. Ajọ̀ kì í ṣe akoto. Àwọn ará ìràwọ̀ rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ewúrẹ́ nìkan ló gbọ́n nínú gbogbo wọn, àti ìyá." Mo dé fìlà mi padà. "Ó rí iwájú. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, àbí?"

"Bí ẹ bá pa á rẹ́, kí ni mo fẹ́ máa bínú sí?"

Mo rò pé àga á pariwo síyẹn. Kò pariwo. Títí di òní mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Mo jáde, mo mú ọ̀nà àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta pọ̀n. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ó dín, ènìyàn méjì kò lè rìn pọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, àti ọ̀pá. Mi ò wẹ̀yìn. Bí orúkọ náà bá fẹ́ dúró, kó dúró, àmọ́ èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni rìn.

"Ọdẹ́tàyọ̀."

Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í húkọ́ kó tó pe ènìyàn.

Mo dúró. Mi ò yíjú padà. Ó ń mí gúlegúle nísàlẹ̀ mi nínú òkùnkùn.

"Ká ní mo ránṣẹ́ sí ọ nígbà náà," ni ó wí, "ṣé ò bá wá?"

Mo ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí láti ìgbà èwe. Bí ó bá bẹ̀ mí, mo mọ ohun tí mo máa wí. Bí ó bá bú mi, mo mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kú, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá inú mi títí fún ìdáhùn sí èyí, mi ò rí i. Mo rí ara mi níwájú ilé, tí mò ń wo ọ̀nà, mi ò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹn á dìde.

"Jẹ́ kí n lọ rò ó," ni mo wí.

Mo ń gun òkè lọ, mo di ògiri mú. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gbangba, ooru ti ń fẹ́ mi lójú, kí n tó mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi dá a lóhùn.